Ìbọ̀wọ́ Ẹ̀rọ Tí Ẹ Tì Mọ́ Yàrá

Ṣọ́ọ̀bù Aránṣọ,
Ẹ̀yìn Ilé Ìwòsàn.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹfà.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Alábòójútó Ilé Ìwòsàn.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀BẸ̀ KÍ WỌ́N TÚN ÒDIWỌ̀N INÁ ÌBỌ̀WỌ́ Ẹ̀RỌ ṢE, KÍ OLÙTỌ́JÚ SÌ PADÀ SẸ́NU IṢẸ́

1. Aránṣọ ni mí. Aránṣọ ni ìyàwó mi náà kí àrùn rọpárọsẹ̀ tó mú un lápá ọ̀tún. Olùtọ́jú tí a ń pè ní Ẹ̀gbọ́n Pẹ̀lẹ́, nítorí pé “pẹ̀lẹ́” kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀, ló fi ìbọ̀wọ́ ẹ̀rọ kọ́ ọwọ́ náà níṣẹ́ padà. Bọ́ọ̀dù iná kékeré kan wà lára ìbọ̀wọ́ náà tó ń gba ìsọfúnni bí ìka ṣe ń gbìyànjú, tó sì ń fi iná ránṣẹ́ sí mọ́tò tó ń ràn án lọ́wọ́. Ìyàwó mi ti ń di abẹ́rẹ́ mú. Mo sunkún ní gbangba, ojú kò tì mí.

2. Bọ́ọ̀dù náà jóná. Wọ́n fi tuntun rọ́pò rẹ̀, wọ́n ní ó ti ṣe tán. Lọ́jọ́ tí ìyàwó mi kọ́kọ́ wọ̀ ọ́, ìbọ̀wọ́ náà fún ọwọ́ rẹ̀ pọ̀ bí ẹni tó ń bá a jà. Ẹ̀gbọ́n Pẹ̀lẹ́ fa wáyà yọ lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n àtàǹpàkò ti wú.

3. Ẹ ti ìbọ̀wọ́ náà mọ́ yàrá, ẹ ní kí wọ́n sọ ọ́ nù. Ẹ gbé Ẹ̀gbọ́n Pẹ̀lẹ́ lọ síbi tí wọ́n ti ń to fáìlì, pé aláìbìkítà ni. Mo mọ̀ pé ààbò wa lẹ ń wá. Àmọ́, ẹ̀yin àgbà, orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

4. Ẹlẹ́rọ yín fi mítà kékeré ọwọ́ rẹ̀ wọn iná náà lójú mi, láìsí ọwọ́ ẹnikẹ́ni nínú ìbọ̀wọ́. Kọ̀ǹpútà ní kí bọ́ọ̀dù fi fólítì méjì ránṣẹ́. Ó fi ju mẹ́ta lọ ránṣẹ́. Ẹlẹ́rọ ní bọ́ọ̀dù tuntun gbọ́dọ̀ gba àyẹ̀wò pẹ̀lú mítà tó dájú kí a tó lò ó, pé òun tọrọ mítà náà, wọ́n ní kò sí àyè. Ó yé mi. Bí téèpù bá ti nà, bó ti wù kí aránṣọ mọ iṣẹ́ tó, aṣọ yóò bàjẹ́.

5. Mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí ẹlẹ́rọ rí mítà náà yá, kí ó tún bọ́ọ̀dù náà ṣe títí iye iná tí a bá bèèrè yóò fi jẹ́ iye tó ń jáde. Ẹ dá Ẹ̀gbọ́n Pẹ̀lẹ́ padà sẹ́nu iṣẹ́, kò ṣẹ̀.

6. Wíwú àtàǹpàkò ti lọ, ṣùgbọ́n àwọn ìka ti tún ń le. Mo bi ìyàwó mi bóyá ẹ̀rù ìbọ̀wọ́ náà ń bà á. Ó ní, “Ó ń bà mí. Sọ fún wọn pé bí wọ́n bá tún un ṣe tán, ọwọ́ tèmi ni kí wọ́n kọ́kọ́ fi dán an wò. Kí Ẹ̀gbọ́n Pẹ̀lẹ́ ṣáà ti jókòó tì mí.”

Ẹ ṣeun tí ẹ fara balẹ̀ kà á.

Èmi ni tiyín nínú ìrètí,
Aránṣọ ẹ̀yìn ilé ìwòsàn,
Ọkọ aláìsàn.