Ọjọ́ Mọ́kànlá àti Oṣù Mẹ́rìnlá

Oak Park, Illinois,
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kọkànlá, ọdún 1987.

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ọ̀nà jíjìn. Ṣé eékún yín ti fúyẹ́ díẹ̀? Ṣé ojú tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún yín ti ń mọ́ kedere? Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ọyẹ́ tó ń bọ̀ yìí rí yín gbé ṣe. Àwa náà wà láàyè. Bámidélé, ọkọ mi, ṣì ń po oògùn ní ilé ìwòsàn, àwọn ọmọ ń lọ sílé ìwé, yìnyín àkọ́kọ́ sì bọ́ lánàá. Mo mọ̀ pé Stella, ọmọ Bọ̀dá Gabriel, ni yóò ka ìwé yìí sí yín létí bó ti máa ń ṣe. Stella, rọra kà á, má sì fo ibì kankan, àní ibi tó bá ti bù mí kù pàápàá.

Ẹ bi mí nígbà kan pé iṣẹ́ wo gan-an ni mo ń ṣe ní yunifásítì, mo sì dá yín lóhùn kúkúrú. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa lónìí, nítorí òun ló bí ohun tí mo fẹ́ jẹ́wọ́. Mẹ́síkò ni orílẹ̀-èdè tó bá Amẹ́ríkà yìí pààlà ní ìsàlẹ̀. Wọ́n pín in sí ìpínlẹ̀ ìpínlẹ̀ bíi tiwa, gómìnà sì ń jẹ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan nínú àwọn ìpínlẹ̀ náà ni mo fi ọdún mẹ́sàn-án ṣiṣẹ́ lé lórí. Mo to gbogbo àwọn tó ti ṣe gómìnà rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti gba òmìnira títí di òní: ọjọ́ tó wọlé, ọjọ́ tó jáde, ẹni tó fi í jẹ, ẹni tó lé e lọ. Bámidélé a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé mo mọ ọjọ́ ìbí àwọn gómìnà Mẹ́síkò ju ọjọ́ ìbí tòun lọ. Kò parọ́.

Ó dà bí iṣẹ́ tó rọrùn, àmọ́ ogun abẹ́lé jà níbẹ̀ nígbà kan. Lọ́dún ogun, gómìnà kan lè sá lọ láàárọ̀, kí òmíràn wọlé nírọ̀lẹ́, kí ẹlòmíràn sì jókòó sí ìlú kejì kó ní òun gan-an ni gómìnà. Bí mo bá ń gba ọ̀rọ̀ ẹnu gbogbo ènìyàn gbọ́, ìwé mi kò ní parí láéláé. Mo wá ṣe òfin kan fún ara mi. Bí kò bá sí àṣẹ tí ọkùnrin náà fọwọ́ sí gẹ́gẹ́ bíi gómìnà, tí wọ́n tẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn ìjọba, tó ní nọ́ńbà àti ọjọ́, orúkọ rẹ̀ kò ní wọ ìwé mi. Òfin tó dára ni, Màmá. Ọ̀pọ̀ irọ́ ló bá mi lé dànù.

Ní oṣù kejì ọdún tó kọjá, ìyá àgbà kan wá mi wá. Doña Juliana ni wọ́n ń pè é. Doña yẹn ni wọ́n fi ń bọ̀wọ̀ fún àgbà obìnrin. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin ni. Òpópónà kejìdínlógún ní Chicago ló ń gbé, lókè ilé búrẹ́dì kan, láàárín àwọn ará Mẹ́síkò ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó wọ kóòtù ọkùnrin tó tóbi jù ú lọ, ó wọ ọkọ̀ ojú irin méjì nínú yìnyín títí dé Evanston níbi tí yunifásítì wa wà, nítorí ó gbọ́ pé obìnrin aláwọ̀ dúdú kan ń kọ orúkọ àwọn gómìnà ìpínlẹ̀ rẹ̀. Ó jókòó, ó ní, “Mo wá wo ibi tí o kọ bàbá mi sí.”

Akọ̀wé ilé ẹjọ́ ni bàbá rẹ̀. Lọ́dún 1915, nígbà tí ọmọ ogun ń bọ̀, gómìnà sá lọ, àwọn adájọ́ tẹ̀ lé e, wọ́n sì kó kọ́kọ́rọ́ ilé ìjọba lé akọ̀wé náà lọ́wọ́ torí pé òun nìkan ló ṣì wà níbẹ̀. Ọjọ́ mọ́kànlá ló fi di ìpínlẹ̀ náà mú. Ó ní kí wọ́n sin òkú tó wà ní ìgboro. Ó ṣí àká àgbàdo ìjọba, ó sì ń wọ̀n ọ́n fún ilé kọ̀ọ̀kan ní ọgbọọgba, ti ilé tirẹ̀ ló sì wọ̀n gbẹ̀yìn. Ní ọjọ́ kejìlá, ọ̀gágun kan wọlé, akọ̀wé náà kó kọ́kọ́rọ́ fún un. Ọ̀gágun yìí tẹ ìwé pé òun ti di gómìnà, ó lo ọjọ́ mẹ́ta péré, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Akọ̀wé àti ẹbí rẹ̀ sá kọjá ààlà wá sí Amẹ́ríkà. Chicago yìí ló ti ń fọ ọkọ̀ ojú irin títí tó fi kú.

Ìwé kan ṣoṣo ni Doña Juliana ní lọ́wọ́, ìwé àṣẹ ìsìnkú kan tó ti gbó. Bàbá rẹ̀ fọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n kò pe ara rẹ̀ ní gómìnà. Ohun tó kọ ni, “Ẹni tó ń bójú tó ọ́fíìsì.” Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní, “Wọn kò dìbò yàn án. Ó ní òun kì í ṣe olè.”

Mo lọ wo fíìmù tí wọ́n ya àwọn ìwé ìròyìn ìjọba náà sí, mo wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Kò sí nǹkan kan fún àwọn ọjọ́ náà, nítorí òǹtẹ̀wé náà ti sá lọ pẹ̀lú àwọn tó sá. Mo sọ fún un pé n kò lè kọ orúkọ náà. Ó ní, “Dókítà, ṣé ìpínlẹ̀ náà sùn fún ọjọ́ mọ́kànlá ni?” Mo tún òfin mi ṣàlàyé fún un pẹ̀lú sùúrù, bí mo ti ń ṣe fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ó ń mi orí. Nígbà tí mo parí, ó yọ búrẹ́dì dídùn kan nínú báàgì rẹ̀, ó fi lé tábìlì mi. Ó ní, “Jẹ ẹ́. O ti rù jù. Àbí ọkọ rẹ kì í fún ọ lóúnjẹ?”

Màmá, ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ìwé Bọ̀dá Gabriel dé láti ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ tó ń kọ ìtàn ìlú wa. Wọ́n ti to orúkọ àwọn ọba, ẹnu wọn kò sì kò lórí adelé. Àwọn kan ní kí wọ́n kọ orúkọ adelé sáàárín àwọn ọba, àwọn kan ní rárá. Wọ́n ní kí èmi tí mo kàwé nípa rẹ̀ dá a. Adelé kan ṣoṣo ló wà tí wọ́n ń jiyàn lé lórí, mo sì mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin ni.

Ìwé tó ní àmì yunifásítì lórí ni mo fi dá wọn lóhùn. Mo kọ ọ́ pé, “Adelé kì í ṣe ọba. Ẹ má kà á mọ́ wọn.” Mo sọ fún ara mi pé torí ẹ jẹ́ ìyá mi gan-an ni mo ṣe gbọ́dọ̀ le, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé mo ṣe ojúsàájú. Ẹ kò mọ̀ pé èmi ni. Bọ̀dá Gabriel fi í pamọ́ fún yín. Èmi ni, Màmá.

Ìwé tèmi jáde ní oṣù kẹfà ọdún yìí. Ní oṣù kẹjọ mo mú ẹ̀dà kan lọ fún Doña Juliana. Ó wọ awò ojú, ó ṣí i sí ọdún 1915, ó fi ìka tọ ojú ìwé náà wálẹ̀. Ìka rẹ̀ dé orí gómìnà tó sá, ó dúró, ó wá bọ́ sórí ọ̀gágun ọlọ́jọ́ mẹ́ta. Ó pa ìwé dé, ó ní, “Iṣẹ́ rẹ mọ́ tónítóní,” ó sì lọ gbé kọfí kaná. Ní oṣù kẹsàn-án ó kú. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, tó ń wa bọ́ọ̀sì, fún mi ní àpò bébà kan níbi ìsìnkú. Ìwé mi ló wà nínú rẹ̀. Láàárín gómìnà tó sá àti ọ̀gágun náà, ó fi pẹ́ńsùlù fa ìlà tín-ín-rín kan, ó kọ orúkọ bàbá rẹ̀ sórí rẹ̀. Kò kọ gómìnà síwájú rẹ̀. Ó kọ ọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bíi pé kò fẹ́ ba ìwé mi jẹ́.

Ojú rẹ̀ ṣì wà lọ́kàn mi nígbà tí ìwé Bọ̀dá Gabriel dé ní oṣù tó kọjá. Ó ròyìn bí wọ́n ṣe kó ìtàn ìlú jáde ní gbọ̀ngàn. Ó ní ẹ wọ agbádá yẹn, agbádá ọkùnrin tí ẹ wọ̀ nígbà tí ẹ ń ṣe adelé, tí mo rò pé kòkòrò ti jẹ tán. Ó ní wọ́n ń ka orúkọ àwọn ọba ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí wọ́n ka orúkọ bàbá yín, ẹ gbá ọ̀pá yín mú, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í dìde. Wọ́n sì ka orúkọ ọba tó jẹ tẹ̀ lé yín. Ó ní ẹ dúró bẹ́ẹ̀ ní ìlàjì ìdìde fún ìgbà díẹ̀, ẹ wá tún jókòó, ẹ sì ń pàtẹ́wọ́ bá àwọn ènìyàn.

N kò lè ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Bámidélé ló wá fi mọ́tò gbé mi ní Evanston. Ohun kan ni mo ń rántí. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí nígbà tí bàbá yín wàjà tí wọ́n mú yín wọ ààfin. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan mo sáré wọlé, mo ní, “Màmá.” Ẹmẹsẹ̀ kan, ìránṣẹ́ ààfin, gbá mi létí, ó ní kí n kúnlẹ̀ kí n pè yín ní Kábíyèsí. Mo sunkún, ẹ kò sì lè gbé mi lójú àwọn ìjòyè. Orí àpótí pẹlẹbẹ lẹ jókòó sí. Wọ́n ní kí ẹ bọ́ sórí àga, ẹ ní, “Àga bàbá mi ni. Eruku rẹ̀ ni mo ń bá a nù.” Ọdún ìgbóná ni. Nígbà tí àwọn abupá dé tí gbogbo ìlú ń sá wọ oko, ẹ bọ́ síta, ẹ ká apá agbádá, ẹ ní apá tiyín ni kí wọ́n kọ́kọ́ bù. Oṣù mẹ́rìnlá ni ìlú fi pè yín ní Kábíyèsí. Èmi pàápàá kò gbọdọ̀ pè yín ní Màmá. Èmi yìí kan náà ni mo wá kọ̀wé láti Amẹ́ríkà pé ẹ kì í ṣe nǹkan kan.

Ibi tí òfin mi ti wọ́ nìyẹn, mo sì pẹ́ kí n tó rí i. Ọ̀gágun tó já ipò gbà fún ọjọ́ mẹ́ta wà nínú ìwé mi pẹ̀lú lẹ́tà gàdàgbà, nítorí ojú kò tì í láti pe ara rẹ̀ ní gómìnà. Akọ̀wé tó bọ̀wọ̀ fún ipò náà débi pé kò jẹ́ pe ara rẹ̀ ní gómìnà ni mo gé kúrò. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti àga àti àpótí: torí ẹ kò gun àga bàbá yín ni mo ṣe ní kí wọ́n má kà yín.

Mo ti kọ ewé ìwé pélébé kan tí wọn yóò lẹ̀ mọ́ àwọn ẹ̀dà ìwé mi tó kù. Orúkọ akọ̀wé náà wà níbẹ̀, pẹ̀lú oyè tí òun fúnra rẹ̀ fi fọwọ́ sí i. Mo sì ti kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ pé mo ṣì wọ́n lọ́nà. Mo tẹ ewé tiyín náà ránṣẹ́. Ohun tó wà níbẹ̀ ni: “Lẹ́yìn ọba kẹjọ, Ìbíyínká, ọmọ ọba, ló di ìlú mú fún oṣù mẹ́rìnlá, ọdún ìgbóná.” Bọ̀dá Gabriel ní wọn yóò lẹ̀ ẹ́ mọ́ èyí tó kù nílẹ̀, àmọ́ èyí tó pọ̀ jù ti wà nílé àwọn ènìyàn, kò sì sí bí a ṣe lè kó wọn padà. N kò ní tàn yín, Màmá. Ọ̀pọ̀ nínú ọmọ ìlú wa yóò ka ìwé náà láìrí yín nínú rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, bí ara bá gbà yín, ẹ sọ ohun tí ẹ ṣe lóṣù mẹ́rìnlá náà fún Stella, kó máa kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ má fi ohun kékeré sílẹ̀. Bí ẹ kò bá fẹ́ sọ ọ́ fún mi mọ́, mo mọ ìdí.

Kí Olúwa fi ìlera di yín mú, kí ó jẹ́ kí ojú mi tún rí yín láàyè. Oúnjẹ kò ní sá fún ọ̀nà ọ̀fun yín, ẹsẹ̀ yín kò ní kọ̀ yín. Bámidélé dọ̀bálẹ̀, àwọn ọmọ kúnlẹ̀.

Èmi ni ọmọ yín tó pè yín ní Màmá láàfin,
Adéòkè.

Àfikún: Stella, èyí kàn ọ́. Nígbà tí o bá kà á tán, wo ojú ìyá àgbà, kí o sì kọ ohun tí o rí ránṣẹ́ sí mi bó ti rí gẹ́lẹ́. Má bá mi tún un ṣe. Bí wọn kò bá sọ nǹkan kan, kọ ọ́ pé wọn kò sọ nǹkan kan, kí o sì fi ọjọ́ sí i.