Ààyè Tó Ṣẹ́kù Lára Ògiri Ìyá Rẹ

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà, ṣé ara le? Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí iná ọ́fíìsì yín kú mọ́ ọ lójú. Àwa náà wà ńbí, ewúrẹ́ ti bímọ, ìyá rẹ sì kí ọ.

A gbọ́ ohun tó o sọ, pé ọ̀gá yín fẹ́ dáwọ́ ìwé ìròyìn títẹ̀ dúró, pé inú fóònù ni gbogbo rẹ̀ máa wà báyìí, àti pé àfàìmọ̀ kí iṣẹ́ tìrẹ náà má bá a lọ. Láti ìgbà náà ni mo ti ń lá àlá kan ṣáá: o kéré bí èèrà, o dúró lẹ́yìn gíláàsì fóònù mi, ìmọ́lẹ̀ yí ọ ká bí òṣùpá inú omi, ò ń rẹ́rìn-ín sí mi. Bí mo bá ti na ọwọ́ láti fà ọ́ jáde, ojú fóònù á ṣókùnkùn.

O mọ̀ pé gbogbo ìròyìn tí orúkọ rẹ bá wà lókè rẹ̀ ni ìyá rẹ máa ń gé, tó sì máa ń lẹ̀ mọ́ ògiri yàrá wa. Bí afẹ́fẹ́ bá gba ojú fèrèsé wọlé, gbogbo ògiri á máa mí, oorun á sì gbé wa lọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ààyè kan ṣoṣo ló ṣẹ́kù, lókè ibi tí ìyá rẹ ń gbórí lé. Nígbà tí ìròyìn rẹ tuntun jáde nínú fóònù, mi ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì, mo fi gọ́ọ̀mù kun ẹ̀yìn fóònù, mo lẹ̀ ẹ́ síbẹ̀. Ó dúró dáadáa. Ká tó jókòó wò ó, iná rẹ̀ kú, orúkọ rẹ sì lọ. Ìyá rẹ pariwo pé ta ló pa ọmọ òun rẹ́. Káfíńtà ló wá bá wa yọ ọ́, ó ní ká ní mo ti tètè pe òun ni, òun ì bá ti bá mi kàn án níṣòó.

Ó tún ní kí n jẹ́ kí ọ̀gá yín gbọ́ pé àwọn tó ń kówó ìjọba jẹ nìkan ló máa ń rí orúkọ wọn nínú ìwé yín. Kí wọ́n kọ ọ́ pé òun ló kan ilẹ̀kùn ilé ìwé tuntun, òun á ra tòun, á ra ti àna òun, á sì ra ti télọ̀ kí inú lè bí i. Télọ̀ ti gbọ́, ó ní kí orúkọ tòun ṣíwájú. Ṣé ọ̀gá yín ò wá rí ọjà ni?

Jọ̀ọ́, bá wa bẹ̀ ẹ́. Bí kò tiẹ̀ sí ẹni tó máa rà á, kó tẹ ẹyọ kan péré fún ìyá rẹ. Fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ pẹ̀lú, torí gọ́ọ̀mù ti tán, fóònù ò sì sọ̀rọ̀ mọ́.

Ìyá rẹ ò jẹ́ kí n fi nǹkan kan dí ààyè náà. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, oòrùn máa ń gba ojú fèrèsé tàn síbẹ̀, onígun mẹ́rin, bí ojú ìwé ìròyìn gan-an. A máa ń jókòó, àwa méjèèjì, à ń kà á, títí tìrẹ á fi dé.

Orúkọ rẹ ò ní parẹ́ o.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.