Fọ́tò Ṣèyífúnmi Tí Mo Tà

Àdúgbò Pàkò,
Ìgbó-Ọrà.
Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù Kejì, ọdún 2025.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n, Màmá Ṣèyífúnmi,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ṣé ara yín le? Ṣé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì tẹ́ ẹ wá lọ sí Ìbàdàn ń lọ bó ṣe yẹ? Ara Ṣèyí le, kò sí àìsàn lára ẹ̀. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mọ ìyẹn kí àyà yín má baà já. Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀, èmi ni mo dá a sílẹ̀. Mo ta fọ́tò Ṣèyí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, àwọn kan sì ti ń fi tọrọ owó kiri báyìí pé ìyá rẹ̀ ti kú.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ya ìwé náà. Ẹ kà á dé ìsàlẹ̀.

Ẹ mọ̀ pé láti ìgbà tí mo ti bí Obadiah ni mo ti ń fi fóònù ya fọ́tò: ẹ̀gẹ́ tí wọ́n sá sórí àpáta, òkè Ìdèrè láàárọ̀, màmá wa níbi tí wọ́n ti ń bó ẹ̀gúsí. Ẹ̀yin gan-an lẹ sọ pé mo mọ fọ́tò yà. Ìkànnì kan wà tí àwọn tí kì í ṣe ayàfọ́tò gidi ti ń ta èyí tí wọ́n bá yà. Oṣù mẹ́rin ni mo fi kó tèmi síbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò rà. Ojú ń tì mí, torí mo ti fọ́nnu púpọ̀ fún Gbénró ọkọ mi.

Ọjọ́ tẹ́ ẹ pè lẹ́yìn ọdún tuntun, tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì gé ọ̀rọ̀ mọ́ Ṣèyí lẹ́nu, ó lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó ń sunkún. Aṣọ ilé tó ti ya léjìká ló wọ̀. Oòrùn bọ́ sójú ẹ̀ dáadáa. Dípò kí n fà á mọ́ra, fóònù ni mo gbé. Mo tiẹ̀ ní, "Má tíì nu ojú ẹ, Ṣèyí, dúró bẹ́ẹ̀." Ó sì dúró, torí ọmọ tó ń gbọ́ràn ni.

Nígbà tí mo fẹ́ gbé fọ́tò náà sórí ìkànnì yẹn, wọ́n bi mí nínú fọ́ọ̀mù bóyá èmi ni ìyá ọmọ. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mo fọwọ́ sí i. Mo ń sọ lọ́kàn mi pé ṣebí nílé wa, ọmọ yín ọmọ mi ni, ta ló ń yà á sọ́tọ̀? Ṣùgbọ́n mo ka sẹ́kọ́ńdírì parí, ẹ̀gbọ́n mi. Mo mọ ohun tí wọ́n ń bi mí.

Èyí tó burú jù ló kù. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti kọ lẹ́tà yìí tí mo fo ibẹ̀. Wọ́n ní kí n kọ ọ̀rọ̀ tí àwọn oníbàárà á fi wá fọ́tò náà rí. Mo ti ṣàkíyèsí pé èyí tó bá bani nínú jẹ́ ni wọ́n ń rà. Èmi fúnra mi ni mo kọ ọ́ lédè Òyìnbó pé ọmọ òrukàn ni, kò ní bàbá, kò ní ìyá. Ẹ̀gbọ́n Bámiṣẹ́ lọ lóòótọ́, Ọlọ́run ló mú ọkọ yín lọ. Ẹ̀yin, èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi pa yín. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n fi rà á. Ohun tí wọ́n san kò ju agolo mílíìkì kan fún Obadiah lọ.

Ọjọ́bọ̀ tó kọjá lọ́hùn-ún, mò ń yan gàrí lọ́wọ́ nígbà tí Rùkáyyàh ará ilé kejì wọlé, tó na fóònù sí mi: "Màmá Obadiah, Ṣèyí yín kọ́ nìyí? Wọ́n ní kí gbogbo ayé dáwó fún un, pé ìyá ẹ̀ ti kú. Ìyá wo ló kú? Ṣé èyí tó wà n'Íbàdàn ni, àbí èyí tó ń yan gàrí níwájú mi yìí?" Ó bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò jáde. Ṣèyí ti dúró lẹ́yìn wa, ó mú asẹ́ dání. Ó ti gbọ́.

Ẹ rántí ìgbà tẹ́ ẹ pè ní Sátidé, tó ń bi yín pé kí lẹ jẹ, aṣọ wo lẹ wọ̀, pé kẹ́ ẹ kọ orin tẹ́ ẹ máa ń kọ tẹ́ ẹ bá ń dì í nírun? Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ ní, "Ọmọ yìí, ọlọ́pàá lo máa ṣe." Kì í ṣe eré ló ń ṣe. Ó ń wò ó bóyá ẹ̀yin ni lóòótọ́. Mo ti sọ fún un pé irọ́ ni wọ́n pa. Ó ní, "Àǹtí, ta ló pa á?"

Gbénró ní kí n tún kọ̀wé sí àwọn oníkànnì náà gẹ́gẹ́ bí ìyá ọmọ, kí wọ́n yọ fọ́tò náà kúrò. Ó ní, "Ta ló máa mọ̀?" Mo kọ ọ́ dé ìdajì, mo pa á rẹ́. Mo wá kọ̀wé sí wọn pé mo parọ́. Wọ́n ní àwọn ti dá títà rẹ̀ dúró, ṣùgbọ́n káwọn tó lè sọ fún ẹni tó rà á pé kó má lò ó mọ́, ìyá tó bí i ló gbọ́dọ̀ béèrè. Mo kọ àdírẹ́sì wọn sẹ́yìn ìwé yìí.

N ò lè sọ ọ́ lórí fóònù, torí Ṣèyí kì í kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi tí fóònù bá ti dún. Mo mọ̀ pé ẹ lè ní kí n kó ẹrù ẹ̀ lọ sọ́dọ̀ màmá wa ní Ìdèrè. Bẹ́ ẹ bá sọ bẹ́ẹ̀, màá dì í, n ò ní jiyàn. Kò wù mí kó lọ. Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kẹ́ ẹ jẹ́ kí n fi ẹnu ara mi sọ fún un pé èmi ni mo parọ́ náà. N ò fẹ́ sọ ọ́ láìjẹ́ pé ẹ gbọ́ ṣáájú.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kẹ́ ẹ yege nínú ìdánwò yín. Àdúrà ẹ̀mí gígùn lẹ́nu mi lè dà bí ẹ̀gàn létí yín lónìí, síbẹ̀ mo gbà á fún yín: ẹ óò pẹ́ lórí Ṣèyí, ẹ óò gbé ọmọ ẹ̀ jó.

Èmi ni àbúrò yín tí ojú ń tì,
Dámilọ́lá.

Àfikún: Zachariah tó ń wakọ̀ Èrúwà sí Ìbàdàn ni mo fi ìwé yìí rán. Ó ní òun á dúró gba èsì yín ní géètì ilé ẹ̀kọ́ yín lọ́jọ́ Ẹtì. Kódà bó jẹ́ ìlà kan ṣoṣo, tó sì jẹ́ èébú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè fèsì.