Géètì Tí A Tì Lọ́nà Etíkun

Yàrá 14, Ilé Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́,
Aberystwyth,
Wales.
20 Oṣù Karùn-ún, 2025.

Tegwen, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Mam-gu, ìyá àgbà yín, ńkọ́, ṣé orúnkún wọn ti fúyẹ́ díẹ̀? Àwọn àgùntàn ńkọ́, ṣé wọ́n bímọ dáadáa lọ́dún yìí? Ara tèmi le, àtẹ́lẹsẹ̀ mi nìkan ló bó.

Ìwọ lo ní kí n yé jókòó sí yàrá bí adìyẹ tó ń sàba. Mo gbọ́ràn. Mo tẹ̀ lé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́jọ, a fẹsẹ̀ rin ọ̀nà etíkun fún ọjọ́ mẹ́rin, láti ìlú Aberteifi padà síbí. Fún ọjọ́ méjì, kò sẹ́ni tó mọ orúkọ mi. Ẹ̀yìn ni mo ń rìn, mò ń wo gìgísẹ̀ wọn.

Lọ́jọ́ kẹta, a dé géètì kan láàárín pápá méjì. Ó ṣí sílẹ̀, okùn búlúù ni wọ́n fi so ó mọ́ òpó. Ifor, olórí wa, ọmọ Cardiff, tú okùn náà, ó sì tì í gbá.

"Àwọn kan ò lẹ́kọ̀ọ́ rárá! Ẹ wo bí wọ́n ṣe fi géètì sílẹ̀!"

Mo rí i pé àwọn ọmọ àgùntàn wà lókè, àwọn ìyá wọn wà nísàlẹ̀ létí odò, géètì náà sì ti là wọ́n láàárín. Wọ́n ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Lọ́jọ́ yìí, ti àwọn ọmọ ọmú yẹn ló fẹ́ bá mi dákẹ́. A rìn tó ìdajì máìlì kí ohùn mi tó jáde.

"Àgbẹ̀ ló dìídì so ó. Bí èèyàn bá ṣe bá géètì ló ṣe ń fi í sílẹ̀."

Ifor rẹ́rìn-ín. "Ìyá Alágùntàn! Ṣé ti bàbá ẹ ni?"

"Kì í ṣe ti bàbá mi. Ebi ń pa wọ́n ni."

Mo yí padà. Bí wọ́n bá fi mí sílẹ̀, mo mọ ọ̀nà ilé.

Bí mo ṣe ń so okùn náà padà, bàbá àgbẹ̀ dé.

"Ẹ̀yin ará ìgboro yìí! Ta ló tì í?"

"Èmi ni, sà." Ifor ló fọhùn lẹ́yìn mi, ó ń mí hẹlẹ. "Òun ló mọ̀ pé kò yẹ."

Bàbá náà wò mí, ó mi orí sí mi lẹ́ẹ̀kan péré bí ẹni tó ń dúpẹ́, ó bá tirẹ̀ lọ.

Nídìí géètì tó tẹ̀ lé e, gbogbo wọn dúró, wọ́n ń wojú mi.

"Nest, eléyìí ńkọ́?"

"Títì la bá a. Ẹ tì í."

Wọ́n tì í.

Bá mi kí Mam-gu, kí o sì bi wọ́n bí wọ́n ṣe ń se ọbẹ̀ cawl fún èèyàn mẹ́sàn-án. Ọjọ́ Àìkú ni gbogbo àwọn tá a jọ rìn ń bọ̀ ní yàrá mi, n kò sì tíì se ju abọ́ kan lọ rí láti ìgbà tí mo ti dé ìlú yìí.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ ẹlẹ́sẹ̀ bíbó,
Nest