Ojú Ìwé Márùn-ún Tí Ẹ Fi Sílẹ̀ Dè Mí

Màámi, ọdún márùn-ún rèé tí ẹ ti lọ. Ọdún márùn-ún! Ẹ̀rọ ìránṣọ yín ṣì wà lẹ́bàá fèrèsé, èmi ni mo ń jókòó sídìí rẹ̀ báyìí.

Ẹ rántí ìwé yẹn, àbí? Ìwé tí ẹ máa ń fi pamọ́ sínú àpótí òwú. Tí ọjọ́ ìbí ẹnikẹ́ni nínú wa bá ti pé, ẹ ó pè é síbi tábìlì tí ẹ fi ń géṣọ, ẹ ó ní kó kọ ohun tó lè ṣe báyìí tí kò lè ṣe lọ́dún tó kọjá. Ẹ kì í gbà ká kọ ohun tí a ní. Nígbà tí àbúrò mi pé ọmọ ọdún méje, ó kọ ọ́ pé òun ti lè purọ́ láì rẹ́rìn-ín. Ẹ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú yín, lẹ́yìn náà lẹ fà á létí.

Ẹ̀yin náà kọ tiyín. Ìgbà tí ẹ ti dàgbà lẹ tó kọ́ ìwé, ìṣojú wa sì ni. Ó ṣì wà níbẹ̀, gàdàgbà-gàdàgbà: "Mo lè kọ orúkọ mi láì wo ti ọmọ mi."

Lẹ́yìn tí ẹ lọ, mi ò ṣí ìwé náà mọ́. Àbúrò mi bẹ̀ mí títí, mo kọ etí ikún sí i. Kí ni mo fẹ́ kọ? Mo ti ti ṣọ́ọ̀bù pa odindi ọdún kan. Ẹ̀rù sì ń bà mí pé tí mo bá kọ ọ́ láìsí yín, a jẹ́ pé ẹ ti lọ lóòótọ́ nìyẹn.

Láàárọ̀ yìí ni mo ń wá òwú dúdú, tí ọwọ́ mi ba ìwé náà. Mo ṣí i. Háà, Màámi! Ẹ ti kọ déètì sílẹ̀ dè mí! Ọjọ́ ìbí mi márùn-ún, ojú ìwé márùn-ún, ẹ sì ti fi rúlà ìgéṣọ yín fa ìlà sí gbogbo rẹ̀. Orí àìsàn lẹ ti kọ ọ́, torí ọwọ́ yín gbọ̀n níbẹ̀.

Mo jókòó, mo mú bírò. Ọdún kìíní: mo lè dìde lórí bẹ́ẹ̀dì. Bẹ́ẹ̀ ni, n ò ní purọ́ fún yín. Ọdún kejì: mo lè ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ọdún kẹta: mo lè gé kóòtù láì pe ẹnikẹ́ni. Àpò kan ga ju èkejì lọ, ṣùgbọ́n oníbàárà ò fura. Ọdún kẹrin: mo lè kọ́ èèyàn níṣẹ́. Obìnrin méjì ló ń ránṣọ lọ́dọ̀ wa báyìí, Màámi!

Àbúrò mi ti parí ilé tí ẹ bẹ̀rẹ̀. Yàrá yín ló kọ́kọ́ kùn. Ọmọbìnrin rẹ̀ ti ń rìn, imú yín gan-an ló gbé wáyé.

Ojú ìwé karùn-ún ló le. Ó pẹ́ kí n tó kọ ọ́: mo lè kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí pé màmá mi ti kú.

Mo sunkún, mo nu ojú. Mo wá ṣí ojú ìwé tuntun, mo fi rúlà yín fa ìlà, mo kọ déètì ọjọ́ ìbí ọmọ àbúrò mi sí i. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa dúró de òun náà.

Ohun kan ṣì wà tí mi ò tíì lè ṣe. Mi ò lè jókòó sídìí ẹ̀rọ yín kí n má kọ́kọ́ kí yín. Àárò yín ń sọ wá. A fẹ́ràn yín. Ẹ káàárọ̀, Màámi.