Màámi, Ẹ Fi Àìsàn Bàbá Pamọ́ fún Mi

Sùúrùlérè, Èkó.

Ẹ kú ilé o, Màámi. Ẹ káàárọ̀, ẹ kúùrọ̀lẹ́, nítorí n kò mọ ìgbà tí Tíṣà yóò ráyè jókòó ka èyí sí yín létí. Mo kúnlẹ̀ kí Bàbá. Mo kí Ẹ̀gbọ́n mi àti ìyàwó wọn, mo kí Ìyá Àgbà nínú yàrá wọn, mo kí gbogbo ará agbo ilé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ara mi le, mò ń jẹun, mo sì ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo tètè sọ ìyẹn torí mo mọ̀ pé òun lẹ máa kọ́kọ́ bi Tíṣà.

Ẹ má bínú pé inú ìwé ìròyìn ni lẹ́tà yìí gbà dé ọ̀dọ̀ yín lọ́tẹ̀ yìí. Lẹ́tà ilé wa kò kúkú ní àṣírí tẹ́lẹ̀. Tíṣà á máa kà á sókè lábẹ́ igi máńgòrò, àwọn aládùúgbò á ti pé kó tó kà á dé ìdajì, ẹni tí n kò bá kí lórúkọ á sì di ìbínú sínú títí di ọdún tó ń bọ̀. Mo kàn ní kí agbo náà fẹ̀ díẹ̀ sí i ni. Ohun tí mo fẹ́ sọ wà nínú ilé púpọ̀ yàtọ̀ sí tiwa, àwọn tó wà níbẹ̀ kò sì mọ̀ pé òun ni.

Láti ọdún mẹ́ta tí mo ti ti Lọ́ńdọ̀nù dé lẹ ti ń bi mí pé iṣẹ́ wo gan-an ni mò ń ṣe ní yunifásítì. Ẹ gbà pé dókítà ni mí, àmọ́ ẹ ò rí abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ mi. Àwọn ará Mùṣin náà ò rí i, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè mí ní Dókítà Aláìlábẹ́rẹ́. Màámi, ọ̀rọ̀ ẹnu ni mò ń wádìí. Mò ń wá àwọn ọmọ tó ti tó sọ̀rọ̀ tí wọn ò sọ ọ́, mò ń wá àwọn akólòlò, mo sì ń wá àwọn àgbàlagbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn. Mo máa ń gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ kan lé itan nínú ọkọ̀ láti Yábàá dé Mùṣin, ó wúwo bí ọmọ ọdún mẹ́ta tó sùn. Tí mo bá ti sọ̀ kalẹ̀ báyìí, àwọn ìyá á gbé ọmọ wọn wá, wọ́n á ní kí n bá wọn gé iṣan abẹ́ ahọ́n rẹ̀ kó lè sọ̀rọ̀. Nígbà tí mo bá ní n kò mú ọ̀bẹ wá, wọ́n á wò mí bí ẹni tó wá fi àkókò wọn ṣòfò.

Ẹ jẹ́ kí n pa yín lẹ́rìn-ín. Àwọn àwòrán tí wọ́n fún wa ní Lọ́ńdọ̀nù ni mo kọ́kọ́ ń fi dán àwọn èèyàn wò. Ẹni tó ń ṣàìsàn á wo àwòrán, á sọ orúkọ ohun tó rí, èmi á kọ ọ́ sílẹ̀. Mo fi ilé òyìnbó kan tí èéfín ààrò ń gba òrùlé rẹ̀ jáde han ìyá arúgbó kan, ó pariwo pé ilé ti ń jó, kí n sáré pe panápaná. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó kùnà. Ó tó ọjọ́ mẹ́ta kí ojú tó tì mí. Mo wá lọ bá ọ̀gbẹ́ni kan tó ń kọ àkọlé sára mọ́tò, mo ní kó ya odó, òòyà, fìtílà, bàtà àti ìgbálẹ̀ fún mi. Láti ọjọ́ yẹn ni àwọn aláìsàn mi ti ń gbọ́n sí i.

Òjò ọdún yìí pọ̀ níbí. Tó bá ti rọ̀ láàárọ̀, omi á dúró láti Costain títí dé ẹnu ọ̀nà ilé tí mo yá, màá ká yẹ̀rì sókè, màá gbé bàtà lé orí ẹ̀rọ mi. Owó oṣù mi tó mi jẹ, ẹ má da ara yín láàmú lórí ìyẹn. Ohun tí kò tó mi ni èèyàn. Àtàárọ̀ ni mò ń gbọ́ ohùn àwọn ẹlòmíì, tí mo bá délé, màá tún ṣí ẹ̀rọ láti kọ ohun tí wọ́n sọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú gbogbo ohùn yẹn tó ń bá mi sọ̀rọ̀. Dókítà ni wọ́n ń pè mí níbi iṣẹ́. Àǹtí ni mo jẹ́ fún àwọn ọmọ onílé, Sísí ni mo jẹ́ fún oníbúrẹ́dì. Kò sí ẹni tó mọ̀ pé Àmọ̀kẹ́ ni mí.

Bàbá ló ń pè mí bẹ́ẹ̀. Ẹ rántí bí wọ́n ṣe máa ń ṣe láàárọ̀, tí mo bá ti kúnlẹ̀ báyìí, wọn ò ní sọ pé kí n dìde. Wọ́n á pe Àmọ̀kẹ́, wọ́n á gba orí rẹ̀ bọ́ sórí oríkì ilé wa, wọ́n á kì mí dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ti kú kí a tó bí ẹ̀yin gan-an. Mo máa ń kùn pé eékún ń dùn mí. Ẹ máa ń fojú bá mi wí. Màámi, mo fẹ́ kí eékún náà tún dùn mí.

Ìyẹn ló jẹ́ kí ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún Àjíǹde wọ̀ mí lára tó bẹ́ẹ̀. Ẹ mọ̀ pé èmi àti Bàbá kò tíì parí ọ̀rọ̀ tó wà láàárín wa. Nígbà tí mo ti Lọ́ńdọ̀nù dé, wọ́n ti bá àwọn èèyàn sọ̀rọ̀ pé kí wọ́n fún mi níṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ìlú wa, kí n máa gbẹ̀bí, kí n máa jáde ní agbo ilé wa láràárọ̀, èmi sì ní Èkó ni mo fẹ́. Wọ́n ní ta ni ò mọ ọ̀rọ̀ sọ, tí odídẹrẹ́ pàápàá ń sọ̀rọ̀, tí ènìyàn á wá fi ọdún mẹ́rin kọ́ ọ ní ìlú òyìnbó. Mo fi í rẹ́rìn-ín, mo sì wọkọ̀ lọ sí Èkó. Nígbà tí mo wálé lọ́dún Àjíǹde, mo kúnlẹ̀ lójú ọ̀nà pálọ̀, mo kí wọn. Bàbá wò mí. Wọ́n fi ọwọ́ pa ẹnu, wọ́n sì kọjú sí ògiri. Ẹ̀yin lẹ sáré dá mi lóhùn pé ó rẹ bàbá mi ni, oko ni wọ́n ti ń bọ̀. Lóòótọ́, ọkọ́ wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n ń rìn dáadáa, ojú wọn ò sì yí padà. Lọ́jọ́ kejì, ohun kan náà. Gbogbo ìbéèrè tí mo bi wọ́n, ẹ̀yin lẹ bá wọn dáhùn, títí kan iye iṣu tí wọ́n gbìn.

Nínú ilé wa, bàbá tí ọmọ kúnlẹ̀ kí tí kò dáhùn, ọmọ náà ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ dé. Mo sọ fún ara mi pé Bàbá ti kọ̀ mí. Ìsinmi ọ̀sẹ̀ kan ni mo gbà níbi iṣẹ́. Ní ọjọ́ kẹta mo ti di ẹrù mi. Mo parọ́ fún yín pé wọ́n ń retí mi ní Èkó. Mo sunkún láti Ògbómọ̀ṣọ́ dé Ìbàdàn, obìnrin tó jókòó tì mí rò pé òkú ni mo lọ sin.

Oṣù yìí ni mo wá lọ sí ilé télọ̀ kan ní Pápá Àjàó, Bàbá Múfú là ń pè wọ́n. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti kọ lù wọ́n, ẹsẹ̀ àti apá ti padà, ẹnu ò padà. Wọn ò lè pe orúkọ ara wọn. Mo fi téèpù tí wọ́n fi ń wọn aṣọ sí wọn lọ́wọ́, mo na apá mi sí wọn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà pé ení, èjì. Bàbá Múfú gba ìkà náà lẹ́nu mi, wọ́n sì kà á lọ geere dé ogún. Ìyàwó wọn bú sẹ́kún. Wọ́n ní ṣé ẹ wá rí i báyìí, Dókítà, ẹni tó lè kà dé ogún, kí ló dé tí kò lè dá ọmọ ẹ̀ lóhùn. Wọ́n ní Sìkírá ọmọ àwọn wá láti Ìbàdàn nígbà Iléyá, ó kúnlẹ̀ kí bàbá rẹ̀, bàbá ò sọ nǹkan kan. Sìkírá ní bàbá ò tíì dárí jì òun lórí ọkọ tí òun fẹ́, ló bá gbé ẹrù rẹ̀, wọn ò sì tíì gbúròó rẹ̀ láti ìgbà náà.

Bàbá Múfú ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Omi ń dà lójú wọn. Wọ́n gbé ọwọ́ sókè, wọ́n sì fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ara wọn lẹ́nu, lẹ́ẹ̀mejì, bí ẹni ń na ọmọ aláìgbọràn.

Màámi, mo pa ẹ̀rọ mi. Mo ní bátìrì ti tán, irọ́ ni. Ọwọ́ tí Bàbá fi pa ẹnu lọ́dún Àjíǹde ni mò ń wò.

Láti ibẹ̀ mo gba Èbúté Mẹ́ta lọ tààrà, mo lọ bá Bàbá Kékeré. Ẹ mọ àbúrò ọkọ yín: wọ́n ti fẹ̀yìn tì ní rélùwéè, síbẹ̀ wọ́n ṣì ń wo aago bí ẹni tí rélùwéè ń dúró dè. Mo bi wọ́n pé kí ló ṣe Bàbá. Wọ́n ní ṣé mo ti jẹun. Mo tún bi wọ́n. Wọ́n ní ta ló sọ fún mi. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé òótọ́ ni. Wọ́n wá ní ìgbà ọyẹ́ ni Bàbá ṣubú lẹ́yìnkùlé, pé ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí wọ́n tó tún lè mú ọkọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ò jáde mọ́ láti ọjọ́ náà. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ mú kí gbogbo ilé búra pé etí mi ò gbọdọ̀ gbọ́. Ẹ ní a kì í fi ìròyìn burúkú bá ọmọ tó wà nídàálẹ̀, pé tí mo bá gbọ́, màá fi iṣẹ́ sílẹ̀, ìyà tí mo jẹ ní Lọ́ńdọ̀nù á sì di asán.

Inú bí mi sí yín, Màámi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Nínú gbogbo ilé wa, èmi nìkan ni mo kọ́ nípa àìsàn yìí, èmi nìkan náà sì lẹ fi í pamọ́ fún. Àmọ́ bí mo bá ń bá yín wí, ta ni yóò bá mi wí? Wọ́n ní bí ọ̀bẹ bá mú títí, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ojoojúmọ́ ni mò ń sọ fún àwọn ẹlòmíì pé kì í ṣe ẹni tó dákẹ́ ló ń bínú. Ìṣẹ́jú mélòó ni mo fún bàbá tó bí mi? Mo kúnlẹ̀, mo retí oríkì mi, n kò rí i gbà, mo sì gbé báàgì.

Ẹ gbọ́, kí Tíṣà ka ibí yìí lẹ́ẹ̀mejì. Orí Bàbá ò dàrú. Wọ́n mọ̀ yín, wọ́n mọ̀ mí, gbogbo ohun tí ẹ ń sọ ló ń yé wọn, tó fi mọ́ èyí tí ẹ ń sọ lẹ́yìn wọn. Omi wà nínú kànga, okùn ló já. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa bá wọn sọ̀rọ̀ bí ọmọdé. Ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ Ẹ̀gbọ́n máa fi wọ́n ṣeré. Ní ìrọ̀lẹ́, ẹ bá wọn kọ orin ìsìn tí wọ́n fẹ́ràn, ẹ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kí ẹ sì fi ìyókù sílẹ̀ fún wọn. Ẹnu tí kò lè béèrè omi lè gbé orin. Tí wọ́n bá ń wá ọ̀rọ̀, ẹ má bá wọn wá a kíá. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló ń jẹ́ kí ẹ máa dáhùn fún wọn. Ọdún márùndínlógójì lẹ ti ń bò wọ́n láṣìírí, kò ṣeé fi sílẹ̀ lọ́jọ́ kan.

N kò ṣèlérí pé gbogbo ọ̀rọ̀ á padà. Ì bá sàn kí a ti bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà ọyẹ́, oṣù wọ̀nyẹn ti lọ, a ò sì lè pè wọ́n padà. Ọ̀gá mi ti fún mi láàyè oṣù kan, Sátidé tó kẹ́yìn oṣù yìí ni mò ń bọ̀. Ẹ̀rù ń bà mí. Ó lè jẹ́ pé lóòótọ́ ni Bàbá ń bínú sí mi tẹ́lẹ̀, kí àìsàn tó dé. Wọ́n sì lẹ́tọ̀ọ́ sí i.

Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ bẹ̀ yín. Tí mo bá kúnlẹ̀ níwájú wọn lọ́jọ́ náà, ẹ má bá wọn dá mi lóhùn. Ẹ má ní ó rẹ̀ wọ́n. Ẹ jẹ́ kí gbogbo ilé dákẹ́, kó pẹ́ bó bá ṣe fẹ́ pẹ́ tó. Ó lè jẹ́ ariwo lásán ló máa jáde, ó lè jẹ́ pé nǹkan kan ò ní jáde rárá. Èmi ò ní dìde. Nínú iṣẹ́ tí mo fi gbogbo ọdún wọ̀nyí kọ́, ohun tí mo mọ̀ ọ́n ṣe jù ni kí n dúró de ẹni tó ń wá ọ̀rọ̀. Mo ti dúró de gbogbo ará Mùṣin. Bàbá mi nìkan ni n kò dúró dè.

Kí Ọlọ́run dá ẹ̀yin méjèèjì sí dè mí, kó má ṣe jẹ́ kí a fi ẹkún pàdé. Ẹ bá mi kí Ẹ̀gbọ́n, ẹ kí Ìyá Àgbà, ẹ kí Tíṣà tó ka èyí títí ohùn fi há. Kí ẹni tí n kò dárúkọ má bínú, mò ń bọ̀ wá kí wọn fúnra mi.

Èmi ni, ọmọ yín,
Rúùtù.