Àwọ̀ Pupa Tí O Pa Rẹ́

Àbúrò mi,

Mo kí ẹ, mo kí ìyàwó wa, mo kí àwọn ọmọ. Màmá ní kí n kí yín. Ìrora orúnkún wọn ti dín kù, wọ́n ti ń dá gun àtẹ̀gùn. Ọkọ mi ti tún òrùlé ilé ìdáná ṣe, kò jò mọ́.

Ìkíni ti tó. Inú ń bí mi sí ẹ, n ò sì ní fi pamọ́.

Fáìlì orúkọ àwọn aláìsàn ilé ìwòsàn wa tí o gbà lọ́wọ́ mi, o ní wàá fi R, èdè kọ̀ǹpútà tí o fi ń ṣe ìṣirò níbi iṣẹ́, bá wa tò ó. Ó padà dé, gbogbo ìlà gún régé. Ṣùgbọ́n àwọ̀ pupa tí mo fi kun orúkọ àwọn tí abẹ́rẹ́ pẹnisílíìnì lè pa ńkọ́? Gbogbo ẹ̀ ti di funfun báláú! Nọ́ọ̀sì tuntun ti fa oògùn sínú abẹ́rẹ́ fún bàbá télọ̀ tó máa ń rán ṣòkòtò ilé-ìwé rẹ nígbà tó o wà lọ́mọdé, kí n tó figbe bọnu pé kó má gún un.

Mo pè ẹ́, o ń rẹ́rìn-ín: "Ẹ̀gbọ́n mi, ohun tẹ́ ẹ kọ ni R ń kà, kì í ka àwọ̀."

Ìwọ tó o lójú ńkọ́? A ní kó o bá wa gbálẹ̀, o gbá oògùn mọ́ ìdọ̀tí dànù!

Mo ti wá fi ọ̀rọ̀ kọ ọ́ síwájú orúkọ kọ̀ọ̀kan báyìí: MÁ GÚN UN. Jọ̀ọ́, bá Màmá ra bàtà tó rọ̀.

Ọlọ́run á máa ṣọ́ yín. Kò ní jẹ́ kí ọmọ rẹ ṣàìsàn níbi tí wọ́n ti tún fáìlì ṣe bí o ṣe tún tiwa ṣe.

Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ